Ojú Tó Lè Tì Fúnra Rẹ̀

Ilé wa,
Lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́,
Ọjọ́rú, bí òjò ti dá.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìdúró kọ́ọ̀tù àti ìjókòó ọ́fíìsì. N kò ní béèrè bóyá ara rẹ le, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le kò lè jágbe mọ́ ìyá rẹ̀ lórí fóònù bí o ṣe ṣe lọ́jọ́ Àìkú. Ọlọ́run tó fún ọ ní ohùn náà kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ara tèmi náà dá ṣáṣá, àfi orúnkún mi tó máa ń mọ̀ kí àwọsánmà tó mọ̀ pé òjò fẹ́ rọ̀. Bàbá rẹ wà lábẹ́ mọ́tò rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni mo ń rí láti ojú fèrèsé yìí, ó sì ní kí n bá òun kí ọ.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Lórí fóònù, lọ́yà ni ọ́. Kí n tó sọ gbólóhùn kan tán, o ti ta kò ó, o ti mú ẹ̀rí wá, o ti dá ara rẹ láre, o sì ti ní o ń wọ ìpàdé. Lẹ́tà kì í jẹ́ kí wọ́n já lu ọ̀rọ̀ onílẹ́tà. Bí inú bá bí ọ, gbé e sílẹ̀, lọ mumi, kí o padà wá kà á tán.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyí. Wọ́n ti yọ ojú òsì ajá bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ. Dókítà ẹranko ìlú wọn ló yọ ọ́, kò sì sí ohun mìíràn tí ó lè ṣe sí i mọ́. Èmi ni mo fà á. Ìwọ ni o sì fà mí débẹ̀.

Má ṣe sọ pé o kò rántí ọjọ́ tí èmi àti bàbá rẹ tẹ̀ lé ọ lọ kí wọn. Ilé náà wù mí bí mo ṣe wọlé. Ẹni tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kódà bó ti fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ á ṣì dà bíi kíláàsì: bàtà tò lẹ́nu ọ̀nà, ìwé tò lórí pẹpẹ, ọmọge tí o fẹ́ fẹ́ náà jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Ajá pupa bàbá náà ti darúgbó, ó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kan tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Ọmọge náà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé ìyá òun ló tọ́ ajá náà, pé láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, bàbá òun kì í jẹun láìjẹ́ pé ajá náà ti jẹun. A ò tíì fìdí kalẹ̀ dáadáa tí bàbá náà fi dìde, tó tẹrí ba fún mi, tó ní, "Dókítà, ẹ káàbọ̀ o. Ọmọ yín ti sọ gbogbo iṣẹ́ ribiribi tí ẹ ṣe nínú aginjù fún wa. Ẹ ò rí i bó ṣe jẹ́ ìwúrí fún wa tó pé irú yín ló wá sílé wa."

Mo wẹ̀yìn wò. Mo rò pé ẹlòmíràn ló wọlé. Bàbá rẹ húkọ́ tí kò húkọ́. Ìwọ wá ń wo fáànù òkè bí ẹni pé wọ́n kọ òfin tuntun sí i lára. Ìgbà yẹn ló yé mi pé o ti sọ mí di dókítà ẹranko fún wọn.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀, ní gbàrà tó kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fẹ́ rín, kí n ní, bàbá, ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn, mi ò ṣe dókítà rí o. Àmọ́ mo rí òógùn lórí imú rẹ. Mo rí bí ọmọge yẹn ṣe ń wò mí tìwúrí-tìwúrí. Mo ní bí mo bá sọ ọ́ báyìí, màá tú ọmọ mi síhòòhò lójú àwọn àna rẹ̀. Kí n má wá purọ́ tèmi lé tìrẹ lórí: ó dùn mọ́ mi pẹ̀lú. Àga tó ní tìmùtìmù ni wọ́n gbé fún mi. Wọ́n ń ṣe "Dókítà, ẹ mumi", "Dókítà, ṣé afẹ́fẹ́ yìí ò pọ̀ jù?" Láyé mi, èmi ni mò ń gbé omi fún dókítà. Mo fi ẹnu mi dákẹ́, mo jẹ oyè tí kì í ṣe tèmi láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà náà ni bàbá náà pe ajá. Ojú òsì rẹ̀ ń ṣe ìpin, ó wú díẹ̀, ó ń pọ́n. Ó ní, "Dókítà, ẹ bá mi wo ojú rẹ̀ yìí. Mo fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọdé dókítà kan tó wà ní títì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ ń bọ̀, mo ní kí n dúró." Gbogbo yín ń wò mí. Mo kúnlẹ̀, mo gbá orí ajá mú, ọwọ́ mi sì lọ sí ibi tí ó mọ̀. Mo ní kí wọ́n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ún, kí wọ́n wá fi aṣọ dúdú dì í, kí ìmọ́lẹ̀ àti eruku má dé ibẹ̀. Ó tún un sọ tẹ̀lé mi bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, aṣọ dúdú. Bàbá rẹ já mi lékánná ní itan. Àpá rẹ̀ pẹ́ lára mi.

Mo fẹ́ kí o mọ ibi tí mo ti rí ìtọ́jú yẹn. O rò pé o mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni o gbọ́, nítorí láti ìgbà tí o ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni o ti ní kí n má sọ ìtàn aginjù mọ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan.

Mi ò tíì pé ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyàwó ilé nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ alágbàfọ̀ ní àgọ́ kan nínú aginjù. Oko àwọn èèyàn ti fẹ̀ títí ó fi dé ẹnu igbó. Erin á wọ oko, ẹfọ̀n á tẹ ilá mọ́lẹ̀, àgbẹ̀ á gbé ìbọn. Ìjọba wá rán dókítà ẹranko kan àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ oorun mú àwọn ẹranko náà, kí wọ́n máa kó wọn lọ sí igbó ńlá tí kò sí oko nítòsí rẹ̀. Àgọ́ aṣọ ni a ń sùn. Láti inú àgbá la ti ń bu omi, bí àgbá bá sì ti gbóná, omi náà á máa rùn bí irin. Aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ni mò ń fọ̀, àti àwọn aṣọ tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀ àti ẹrẹ̀. Mi ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹranko. Bí mo bá gbọ́ ohùn ẹfọ̀n lókèèrè, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n á ti rí mi.

Lọ́jọ́ kan ibà dá ọ̀gbẹ́ni tó ń bo ojú ẹranko wó. Ẹfọ̀n kan ti wà nílẹ̀, abẹ́rẹ́ ti mú un, ọwọ́ gbogbo wọn sì ti há gádígádí. Dókítà wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, gbójú sókè, ó rí mi tí mo gbé aṣọ fífọ̀ kọ́ èjìká. Ó ní, "Ìwọ, aṣọ wà lọ́wọ́ ẹ. Wá bò ó lójú."

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyí. Oògùn oorun yẹn máa ń gba ẹsẹ̀ ẹranko, á gba ọrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa ojú rẹ̀ dé. Ẹranko á sùn, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ rekete. Kò lè ṣẹ́jú. Bí oòrùn bá ń ta sí i, tí eruku sì ń bọ́ sí i, ẹyinjú á gbẹ, ó lè fọ́. Ó sì tún lè máa rí gbogbo èèyàn tó yí i ká, kí ẹ̀rù pa á níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ tì í lórí, kí ó fi ìpara sí i lójú, kí ó fi ìka fa ìpéǹpéjú náà wálẹ̀, kí ó fi aṣọ dì í, kí ó sì gbé ọwọ́ lé e títí iṣẹ́ á fi parí. Mo kúnlẹ̀. Ojú náà fẹ̀ tó ẹnu ife. Mo rí ara mi nínú rẹ̀, tòun ti gèlè mi.

Dókítà pariwo láti ẹ̀yìn ẹranko náà, "Ṣé ojú ti tì í?" Ojú náà kò tíì tì, nítorí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ni awakọ̀ kan tó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ akẹ́rù bá dáhùn pé, "Rárá o, Dókítà. Ẹfọ̀n yìí ò nítìjú rárá." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Dókítà pàápàá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí eyín rẹ̀ kẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di Ojútì. "Ẹ pe Ojútì wá." "Ojútì dà?" Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ mi mọ́. Awakọ̀ aláwàdà yẹn ló wà lábẹ́ mọ́tò ní ìta yìí.

Ẹni tó ń ṣàìsàn náà padà wá, ṣùgbọ́n Dókítà ní òun kò fún un ní iṣẹ́ ojú mọ́, ọwọ́ mi ni òun fẹ́. Ó kọ́ mi ní ohun kan tó ṣòro ju bíbò lọ. Ó ní kí n máa gbé etí aṣọ náà sókè lóòrèkóòrè, kí n fi ìka kan irun ìpéǹpéjú ẹranko náà fẹ́rẹ́. Bí kò bá mira, oorun rẹ̀ ṣì wúwo. Bí ó bá gbọ̀n, kí n ké sí òun. Bí ó bá ṣẹ́jú, kí gbogbo wa máa lọ. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Bí mo bá ti ké, o ò ní mọ ẹni tó jẹ́ dókítà àti ẹni tó jẹ́ alágbàfọ̀ nínú wa.

Erin kan ṣẹ́jú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Mo ké, wọ́n sá. Èmi náà fẹ́ sá, àṣé etí ìró mi ti wà lábẹ́ orí erin náà. Bí mo ṣe fà á tí kò wá, mo tú u sílẹ̀, mo fi yẹ̀rì sáré la àárín gbogbo ọkùnrin àgọ́ yẹn kọjá. Àwọn yòókù dúró, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó ju jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí mi. Kò wò mí títí mo fi wọ̀ ọ́ tán. O máa ń bi mí ìdí tí ẹni tó rẹwà bíi tèmi fi fẹ́ awakọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Erin náà dìde, ó fi eyín gbé ìró mi kọ́, ó sì wọ igbó lọ. Bàbá rẹ ní bóyá ó ṣì ń ró o títí dòní.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, ọmọ mi. Mo ṣe é títí oyún rẹ fi tóbi débi pé mi ò lè kúnlẹ̀ mọ́. Mo bo ojú erin, mo bo ojú ẹfọ̀n, mo bo ojú kìnnìún kan tí èémí rẹ̀ ń rùn bí ihò àgbàrá. Ṣùgbọ́n mi ò fún ẹranko kankan ní oògùn rí. Mi ò wo ọgbẹ́ rí. Gbogbo ẹranko tí mo fọwọ́ kàn láyé mi, ojú oorun ni mo bá wọn.

Ajá bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ kò sùn. Ojú rẹ̀ lè ṣẹ́, ó lè pa á dé fúnra rẹ̀. Ojú tí egbò wà nínú rẹ̀ ń fẹ́ oògùn àti afẹ́fẹ́, èmi sì ní kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Ìtọ́jú ẹni tó sùn ni mo fún ẹni tó jí. Bàbá náà sì ṣe é bí mo ṣe wí. Ó ń fi aṣọ dúdú dì í, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó ń gbé orí ajá náà lé ẹsẹ̀ kí ó má baà fi èékánná ya aṣọ náà kúrò. Ajá ń ké, bàbá náà ní kí ó fara dà á, pé Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Abẹ́ aṣọ yẹn ni egbò ti jẹ ojú náà tán.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni bàbá náà pè mí. Ó ti gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà tó wà ní títì, dókítà náà sì bínú, ó ní ta ló ní kí wọ́n di ojú tó ń ṣọyún. Gbọ́ ohun tí bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ ní òun sọ fún un. Ó ní, "Mo sọ fún un pé kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Mo ní ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí i ló sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ sí yín, Dókítà." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ó ní àfi kí òun yọ ojú náà. Mo ní kó dúró ná, kí n bi yín léèrè. Kí lẹ rí sí i?"

Inú ilé ìdáná ni mo wà, mo di etí tábìlì mú. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó yọ ọ́, sà." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi, ó dúpẹ́. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí n pẹ́ fún wọn.

Ojú tì mí. Mo fi yẹ̀rì sáré lójú gbogbo ọkùnrin àgọ́, ojú ò tì mí tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ là kí n wọ ibẹ̀. Mi ò lè jẹun, mi ò lè wo dígí. Àgbàlagbà ni mí, mo ti ń bá ọmọ ọmọ aládùúgbò wí pé kí wọ́n má purọ́, mo wá jẹ́ kí wọ́n fi irọ́ yọ ojú ẹran ọ̀sìn òkú ìyàwó olóòótọ́ èèyàn.

Èyí ló mú kí n pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní kí a lọ sọ òótọ́. O ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣègbéyàwó tán ná. Ajá lásán ni." Mo ní rárá. Ìgbà yẹn ni o jágbe, tí o ní, "Ṣé kí n wá lọ sọ fún wọn pé alágbàfọ̀ ni yín ni?" Bàbá rẹ ló gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Alágbàfọ̀ ni mí, mi ò sẹ́ ẹ. Aṣọ tí mo fọ̀ mọ́ ni Dókítà wa ń gbà kí wọ́n fi kan ẹyinjú erin, kì í gba tẹlòmíràn. Iṣẹ́ yẹn ò tì mí lójú rí. Ohun tó ń tì mí lójú ni pé iṣẹ́ ìyá rẹ ń tì ọ́ lójú, mo sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, mo kàn ń dákẹ́ ni. Nígbà tí o wà ní kékeré tí o ní kí n má sọ ìtàn mi mọ́, ó yẹ kí n jókòó tì ọ́ kí n bi ọ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní ọmọdé ni, yóò tán lójú rẹ̀. Mo fi aṣọ bò ó, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Mi ò mọ̀ bóyá ọmọge yẹn mọ òótọ́. Bí kò bá mọ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí. Lọ́yà ni ọ́, o mọ̀ ju mí lọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ṣé ọjọ́ tí ọmọge náà bá bímọ fún ọ ni kí òótọ́ bá a? Ṣé màá máa jẹ́ Dókítà fún àwọn ọmọ ọmọ mi, kí wọ́n máa gbé ẹyẹ tó ṣẹ́ lápá wá fún mi?

Nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a ń lọ síbẹ̀. Ohun tí bàbá rẹ ń tún ṣe lábẹ́ mọ́tò nìyẹn. Màá sọ tèmi: pé mi ò ṣe dókítà rí, pé mo dákẹ́ nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀, pé èmi ni mo ba ojú ajá náà jẹ́. Màá kúnlẹ̀, bó ti wù kí orúnkún dùn mí tó. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ tìrẹ. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló kọ́kọ́ pè mí ní dókítà, màá ní ẹni náà ń bọ̀. Wá, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ níwájú ọmọge náà àti bàbá rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Má ṣe fi fóònù sọ ọ́, má sì ṣe rán ọ̀rẹ́ rẹ kankan.

Mi ò ní tàn ọ́ pé yóò rọrùn. Wọ́n lè ní àwọn ò fẹ́ mọ́. Bàbá náà lè lé wa jáde, ó sì ní ẹ̀tọ́. Mo ti rò ó títí orí fi fọ́ mi, nítorí mo fẹ́ràn ọmọ yẹn, mo sì mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀ débi pé o purọ́ kí ó má baà bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí ó bá bọ́ nítorí òótọ́, ọgbẹ́ rẹ̀ á jinná lọ́jọ́ kan.

Ohun kan ló ń fi ọkàn mi balẹ̀. Lẹ́yìn tí o sọ ọ̀rọ̀ alágbàfọ̀ yẹn, o kò pa fóònù. Mo gbọ́ èémí rẹ. Ó ń já léraléra, o sì dúró bẹ́ẹ̀ kí bàbá rẹ tó gba fóònù. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní rárá o, mo mọ ohun tí mo gbọ́. Mo ti kan ìpéǹpéjú púpọ̀ láyé mi. Ó gbọ̀n. Lẹ́tà yìí ni ìka mi, mo tún fi kàn ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn ìyá yòókù máa ń gbàdúrà fún ọmọ wọn pé ojú ò ní tì ọ́. Èmi náà ti gbà á fún ọ láti ìgbà tí o ti wà níkùn, ẹnu mi ò sì fẹ́ gbà á lónìí. Mo gbàdúrà pé kí ojú tì ọ́, ọmọ mi, kí ó tì ọ́ dáadáa, kí ó tì ọ́ lásìkò. Ojú tó lè tì fúnra rẹ̀, ojú ẹni tó jí ni. Lẹ́yìn náà kí Ọlọ́run là á fún ọ, kí o fi rí ọ̀nà, kí o fi rí ire, kí o sì fi rí ọmọ tìrẹ tí kò ní fi ọ́ pamọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Alágbàfọ̀,
Ojútì.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ ẹnu lẹ́tà yìí nígbà tí bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ tún pè. Ó ní ajá ti ń jẹun, ó ti ń kọ́ bí yóò ṣe máa yí orí kí ó tó rí ẹnu ọ̀nà. Ó ní bóyá kí n wá bá òun wo ojú kejì. Mo ní rárá, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó wà ní títì, pé ẹni yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní à ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pé ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ bá wọn sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ kí ni. Mo ní kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, òun á so ajá mọ́lẹ̀ kí ó má baà fò mọ́ ọ. Mo ní kí ó má so ó. Mo ní kí ó jẹ́ kí ó wá bá ọ, kí o lè rí i.